Erin Kì í Yára Bímọ

Ojoojúmọ́ ni a ń dẹ pàkúté fún eku ilé, síbẹ̀ eku kò tán. Kí ló wá dé tí erin ń tán nínú igbó?

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ni. Oyún eku ilé kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lọ. A bí 6 tàbí 8 lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní pẹ́ tí àwọn ọmọ náà yóò fi máa bímọ. Ológbò ń jẹ wọ́n, ejò ń jẹ wọ́n, wọn kò dín kù.

Ti erin yàtọ̀. Nǹkan bí oṣù 22 ni ó fi ń lóyún, ọmọ kan ni ó sì sábà ń bí. (Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ má bínú, ìbejì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tirẹ̀.) Abo erin inú igbó kìjikìji sábà máa ń lé ní ogún ọdún kí ó tó bí àkọ́bí, ọdún 5 tàbí 6 a sì kọjá kí òmíràn tó dé. Láyé àtijọ́, èyí tó, nítorí àgbà erin kò ní ọ̀tá púpọ̀. Ìbọn ló ba ìṣirò náà jẹ́. Láàárín 2002 sí 2011, ó ju ìdajì lọ nínú erin igbó Àárín Gbùngbùn Áfíríkà tó ṣègbé.

Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú irú erin yìí ṣì wà ní igbó Omo, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ọdẹ bá pa abo kan lónìí, tí a sì bí abo mìíràn lọ́la, kí ìyẹn tó bímọ, ọmọ tí ẹ pọ̀n wá sí ìsìn lọ́sẹ̀ tó kọjá á ti tó ẹni tí ń gbéyàwó.