Owó-orí lórí Ohun Àlòkù: Ta Ni Olúwa Ọjà?

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pa òwe yìí kò lè rò ó láé pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àkísà àgbà pàápàá yóò di ọjà, tí ẹni tí ó ni ín yóò jókòó sí ilé rẹ̀ ní Òkìtìpupa, tí yóò ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò sì fi owó ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ tàbí láti Èkó pé òun ti rà á. Wọn kò sì lè rò ó pé ìbéèrè kan yóò máa tẹ̀lé irú òwò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn bí òjìji: ohun tí ẹnì kan rà nígbà tí ó wà ní titun, tí ìjọba sì ti gba owó-orí lórí rẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí wọ́n tún gba owó-orí lórí rẹ̀ nígbà tí ó bá di àlòkù? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn amòfin nìkan. Ọ̀rọ̀ àṣà ni pẹ̀lú, nítorí pé kí ìjọba òyìnbó tó dé, àwọn Yorùbá ti mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní oníṣòwò àti ẹni tí wọn kì í pè bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lónìí, bóyá ni ilé kan wà tí ohun àlòkù kò sí níbẹ̀. Òkìrìkà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń wọ̀ lọ sí ilé ìjọsìn. Fíríìjì, ẹ̀rọ amúnáwá, alùpùpù àti fóònù tí wọ́n ti lò ní òkè òkun tàbí ní Èkó ń gba Ọ̀rẹ̀ wọlé sí Òkìtìpupa, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Igbótako, Ìlútitun àti Òde-Ìrèlè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olusegun Agagu, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ Ìjù-Odò tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Òndó láti ọdún 2003 sí 2009 pè, a máa ta ibùsùn, sítóòfù gáàsì àti fáànù wọn fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá parí ẹ̀kọ́. Àwòrán méjì lórí WhatsApp ti tó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọjà ti tà.

Orúkọ tí àwọn ènìyàn fún àwọn ọjà wọ̀nyí pàápàá dùn ún gbọ́. Òkìrìkà jẹ́ orúkọ ìlú kan létí omi, nítòsí Port Harcourt. Tòkunbọ̀ sì ni wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, kí orúkọ náà tó di ti mọ́tò. Ìlú di aṣọ, ọmọ di mọ́tò: bí èdè ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè yìí kan náà tí ó yẹ kí àwọn aṣòfin kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni aláròóbọ̀. Aláròóbọ̀ ni ẹni tí ó ra ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nítorí àtitún un tà, tí èrè tí ó wà láàárín rírà àti títà sì jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tí ó gbé ẹrù ilé rẹ̀ síta nítorí pé owó ilé-ìwé ọmọ ti dé, tàbí nítorí pé ó ń kó lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni ìkejì yìí kò ní orúkọ kankan nínú iṣẹ́ ọjà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kà á sí oníṣòwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ òkú tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ àti àbúrò: ogún ni, kì í ṣe ọjà. Gbàǹjo pàápàá, tí í ṣe títa ẹrù onígbèsè ní gbangba, ìtìjú ni fún ẹni tí ó ni ẹrù, kì í ṣe òwò. Ìkòkò idẹ kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọjá láì yí padà. Ohun tí ń yí padà ni ìdí tí ó fi ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, ìdí yìí sì ni àwọn àgbà ń wò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn ará àtijọ́ kì í san owó lórí òwò. Oníbodè wà lẹ́nu odi ìlú, a máa gba owó-ẹyọ lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ẹrù òwò kọjá, ọba àti àwọn ìjòyè sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í fìgbà gbogbo rọgbọ. Owó ibodè wà lára ohun tí ó dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ láàárín Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti àwọn Òyìnbó Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Síbẹ̀, ẹni tí ó san owó mọ ohun tí òun san án fún. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, iwájú ààfin ni ọjà wà. Ẹni tí ó bá dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀, ọjà ọba ni ó dà rú; ẹni tí ó bá jalè níbẹ̀, ojú ọba ni ó ti jalè. Ẹni tí ń jẹ owó ọjà náà ni ó ń tọ́jú ọjà.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti ti Ìlàjẹ, ẹ̀rù mìíràn tún wà tí ń mú kí ènìyàn ṣòótọ́. Ayélála ni. Ìtàn sọ pé ẹrúbìnrin kan ni, tí wọ́n fi ṣe ètùtù àdéhùn àlàáfíà láàárín àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀, tí ó sì di òrìṣà tí ń gbẹ̀san lára ẹni tí ó bá da májẹ̀mú, tí ó jalè tàbí tí ó ṣèké. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Omosade Awolalu kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1968, ó sì pè é ní olùṣọ́ ìwà rere láwùjọ. Ẹni tí ó bá ta ọjà alábùkù, tí ó sì fi Ayélála búra pé kò lábùkù, mọ ohun tí òun ń fi ṣeré. Lórí fóònù ńkọ́? Ẹni tí ó fi àwòrán fíríìjì tí ó dára han oníbàárà, tí ó sì fi èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú ránṣẹ́, lè ti sọ nọ́ńbà rẹ̀ nù kí ẹrù tó dé Òkìtìpupa.

Òfin ìjọba gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 1986 ni ìjọba ológun gbé owó-orí ọjà títà kalẹ̀ lórí ìwọ̀nba ọjà díẹ̀. Òfin No. 102 ti ọdún 1993 fi èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VAT rọ́pò rẹ̀; oṣù January 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, náírà 5 lórí 100. Ọjọ́ kìíní oṣù February 2020 ni ó di náírà 7.50. Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu òfin owó-orí titun ní ọjọ́ 26 oṣù June 2025, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2026, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń gbà kò yí padà. Oúnjẹ tí mẹ̀kúnnù ń jẹ wà lára ohun tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ohun àlòkù kò sí lára wọn.

Èyí kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá ta àlòkù ti jẹ ìjọba ní gbèsè. Ẹni tí ń ṣòwò ni òfin ń bá wí, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ta ibùsùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin ìnáwó ti ọdún 2019 tilẹ̀ yọ oníṣòwò tí ọjà tí ó ń tà lọ́dún kò tó mílíọ̀nù 25 náírà kúrò nínú àwọn tí ó gbọ́dọ̀ gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà, òfin titun náà kò sì mú àánú lórí oníṣòwò kékeré kúrò. Mélòó ni obìnrin tí ń ta òkìrìkà ní Òkìtìpupa tí ọjà rẹ̀ ń tó mílíọ̀nù 25 lọ́dún? Nítorí náà, bí ọlọ́jà kan bá fi ohun tí ó pè ní VAT kún owó fóònù àlòkù, tí kò sì lè fi rìsíìtì tí ó ní nọ́ńbà owó-orí lé oníbàárà lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àpò ara rẹ̀ ni ó ń kó o sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ láì béèrè, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìjọba ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti nípọn ni ti aláròóbọ̀ ńlá tí òfin mú. Fíríìjì kan yóò fi hàn. Ìdílé kan rà á ní titun ní 400,000 náírà, wọ́n sì san 30,000 náírà owó-orí lé e. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n tà á fún aláròóbọ̀ ní 150,000. Aláròóbọ̀ tún un ṣe, ó sì tà á ní 180,000. Bí owó-orí bá wà lórí gbogbo 180,000, náírà 13,500 ni. Bí ó bá jẹ́ lórí èrè 30,000 tí aláròóbọ̀ jẹ nìkan ni, náírà 2,250 péré ni. Ẹni tí ó ra ọjà titun lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fún àtitún un tà a máa yọ owó-orí tí ó ti san kúrò nínú èyí tí ó gbà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra fíríìjì lọ́wọ́ ìyàwó ilé kò ní rìsíìtì owó-orí kankan tí yóò fi yọ ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe ń jẹ lórí fíríìjì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sì tún pààrọ̀ ọwọ́, yóò di ẹ̀ẹ̀mẹta.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti kan ìṣòro yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí owó-orí ọjà wọn jẹ́ 20 lórí 100, òfin fún ẹni tí ń ta ohun àlòkù láyè láti san owó-orí lórí èrè nìkan, ìdá kan nínú mẹ́fà èrè náà. Ọmọ Yorùbá ní Peckham tí ó ti forúkọ sílẹ̀ fún owó-orí, tí ó ra àga ní 60 pọ́n-ùn tí ó sì tà á ní 90, pọ́n-ùn 5 ni yóò san. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ South Dakota àti iléeṣẹ́ Wayfair ní ọdún 2018 pé ìpínlẹ̀ lè gba owó-orí lọ́wọ́ ọlọ́jà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ rárá. Láti October 2019 sì ni òfin Texas ti ní kí ẹni tí ó ni ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ máa gba owó náà. Ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó ń gbé Houston, tí ó ra àga àlòkù ní 200 dọ́là lórí eBay, yóò rí dọ́là 16.50 lórí rẹ̀. Bí ó bá ra irú àga kan náà lọ́wọ́ aládùúgbò tí ó kó ẹrù ilé síta lọ́jọ́ Sátidé, kò sí owó-orí níbẹ̀. Nínú méjèèjì, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó súnmọ́ ọgbọ́n àwọn àgbà jù: èrè aláròóbọ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìkòkò idẹ.

Ti Nàìjíríà tilẹ̀ tún ní ẹ̀rín nínú. Aṣọ àlòkù wà nínú ìwé àwọn ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀ láti kó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀ kò sí ọjà tí ènìyàn yóò wọ̀ tí kò ní rí òkìrìkà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ìjọba tí ó sọ pé ọjà kan kò gbọ́dọ̀ wọlé, kí ni yóò wí bí ó bá ń béèrè owó-orí lórí rẹ̀?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, èyí tí ó gba orí fóònù sì ti di òpópónà. Iléeṣẹ́ Jiji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2014. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, olùtà àti olùrà ni ń pàdé ara wọn láti san owó lójúkojú, ṣùgbọ́n àwọn olùtà a máa san owó fún iléeṣẹ́ náà kí ọjà wọn lè hàn síwájú ti ẹlòmíràn. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe owó ìsọ̀? Ẹni tí ó ń gba owó ìsọ̀ ti di olúwa ọjà, ẹ̀tọ́ olúwa ọjà sì kọjá gbígba owó. Ó yẹ kí irú àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tí ń tajà lọ́dọ̀ wọn dájú, kí wọ́n lé oníjìbìtì, kí wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà tí wọ́n fi òkú fíríìjì ránṣẹ́ sí. Èrè tiwọn ni ó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ wò, kí ó tó máa lépa akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ta ibùsùn.

Àwọn kan yóò ní ìjọba nílò owó, pé ọ̀nà kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tilẹ̀ ní ohun tí ó lè jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ètò titun, ìjọba àpapọ̀ ń mú 10 nínú 100 owó VAT, àwọn ìpínlẹ̀ 55, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 35. Nínú ìpín àwọn ìpínlẹ̀, ìdá 30 nínú 100 ń tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti lo ọjà, kì í ṣe ibi tí oríkò iléeṣẹ́ wà. Ohun tí ará Òkìtìpupa rà láti Èkó, Ìpínlẹ̀ Òndó ni ó yẹ kí ó jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1998 tí ó pín owó-orí fún ìjọba kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà láti gba owó-orí. Ẹni tí ó ní kí ọlọ́kadà tí ó gbé bẹ́ẹ̀lì òkìrìkà san owó tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dé ọjà kò ní òfin yẹn lẹ́yìn.

Ohun tí ó kù fún Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ: kí òfin dárúkọ ohun àlòkù, kí ó sọ pé èrè oníṣòwò nìkan ni owó-orí wà lórí rẹ̀, kí ó sì sọ pé ẹrù ilé tí onílé tà kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè kò nílò dúró de òfin náà kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Ìpín tiwọn nínú owó VAT ń jáde lóṣooṣù. Kí wọ́n kọ iye tí ó dé ọwọ́ wọn àti ohun tí wọ́n fi ṣe sára ògiri ọjà, lédè Yorùbá, ní lẹ́tà tí àwọn obìnrin tí ń ta òkìrìkà lè kà láti ìdí ọjà wọn.