Ọkọ̀ tí wẹ́dà tún bí: ìnṣọ́ránsì wo ló máa gbà á?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ wẹ́dà lè ṣe, kó lọ dúró ní gáréèjì Kàbà láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Sìẹ́nà tí wọ́n ṣe fún bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ l'Ámẹ́ríkà ti di ọkọ̀ èrò tó ń na Lọ́kọ́ja àti Àbújá. Wọ́n ti jó irin mọ́ orí ẹ̀ kó lè gbé àpò gààrí àti iṣu. Wọ́n ti ki àga bọ ẹ̀yìn níbi tí ẹrù ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe èyí tó bá wọ ìlú. Golf tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Èrò méjì ló wà níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà, mẹ́rin fún ara wọn pọ̀ lẹ́yìn. Iléeṣẹ́ òyìnbó bí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wẹ́dà tún un bí lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe tòní. Àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Okun ò tíì gbàgbé bọ́lẹ̀kájà, tó jẹ́ pé iwájú àti ẹsẹ̀ ló ti òkè òkun wá, káfíńtà ló kan gbogbo ìyókù. Nígbà tí Nàìjíríà sì kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì lọ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 1972, àwọn mẹkáníìkì ríṣẹ́ ṣe, nítorí sìtáríǹ tó wà lọ́tùn-ún gbọ́dọ̀ bọ́ sósì. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Kò sẹ́ni tó máa bá dírẹ́bà wí pé ó tún ọkọ̀ ẹ̀ ṣe kó lè rówó jẹun.

Ibi tí wàhálà wà ni pépà. Irin tí wọ́n jó mọ́ ọkọ̀, àga tí wọ́n fi kún un, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pààrọ̀, ṣé iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gbọ́ sí i?

Ẹ fojú inú wo onísìẹ́nà kan báyìí. Ìnṣọ́ránsì ẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe páátíkúlà lábẹ́ agboòrùn sáré pàdé ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú 5,000 wá, kẹ́ ẹ gba pépà yín kíá. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ kankan, ẹ ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan."

Inú onísìẹ́nà dùn. Nígbà tó délé, ó fi pépà ọ̀hún han àbúrò ìyàwó ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì. Ọmọkùnrin náà yí pépà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Bọ̀ọ̀dá, èló lẹ ra èyí?"

"5,000 ni. Àbí wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o. Wọn kì í tà á bẹ́ẹ̀ mọ́ láti 2023."

Òótọ́ ló sọ. Títí di ìparí 2022, 5,000 náírà ni third party ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lóòótọ́. Third party ni ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ èèyàn bá kọ lù, tí kì í sanwó fún ọkọ̀ onítọ̀hún fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n NAICOM, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò, gbé owó náà sókè ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, 2023. Ọkọ̀ àdáni di 15,000 náírà, iléeṣẹ́ yóò sì san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà bí ọkọ̀ náà bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́. Ọkọ̀ tí èèyàn fi ń kó ẹrù ara ẹ̀ di 20,000. Tírélà akẹ́rù di 100,000. Kẹ̀kẹ́ Márúwá di 5,000, ọ̀kadà di 3,000. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń ta third party mọ́tò ní 5,000 lónìí, pépà lásán ló ń tà. Kò sí ìnṣọ́ránsì kankan nídìí ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí onímọ́tò dì mú níbẹ̀ ni pé iye tí NAICOM fi lélẹ̀ fún third party ò yàtọ̀ nítorí pé wọ́n jó irin mọ́ ọkọ̀ tàbí pé wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Irú ọkọ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ń sá lọ bá oníjìbìtì nítorí pé ó ti tún ọkọ̀ ẹ̀ ṣe, ohun tí kò lé e ló ń sá fún.

Òfin tó sọ third party di dandan ti wà láti 1945, òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní 2025 náà ò sì yọ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kejì, 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀ káàkiri Nàìjíríà lórí àṣẹ Káyọ̀dé Ẹ̀gbẹ́tókun, tó jẹ́ ọ̀gá wọn pátápátá nígbà náà. Látìgbà yẹn lọ̀pọ̀ dírẹ́bà ti ń wá pépà tí wọ́n máa fi han ọlọ́pàá. Àmọ́ ti ọlọ́pàá kéré níbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà Obajana sí Kàbà, kìlómítà 43 tí wọ́n fi kọnkéré ṣe. Ọ̀nà náà dán, tírélà sìmẹ́ǹtì ń lọ, ó ń bọ̀. Bí bíréèkì Sìẹ́nà tó kó èrò àti iṣu ju bó ṣe yẹ lọ bá kọ̀, tó lọ kọ lu Hilux ẹni ẹlẹ́ni, owó àtúnṣe Hilux lè gba Sìẹ́nà fúnra ẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá tún fara pa, owó ọsibítù dé. Ọmọkùnrin abẹ́ agboòrùn ò ní sí níbẹ̀. Fóònù ẹ̀ ò ní lọ. Ilé tí bàbá onímọ́tò ń kọ́ sílùú ni wọ́n máa tà.

Comprehensive ni ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtúnṣe ti le gan-an. Òun ló ń sanwó ọkọ̀ onímọ́tò fúnra ẹ̀. Láti 2023 náà ni NAICOM ti sọ pé owó ẹ̀ lọ́dún ò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ọkọ̀ tó. Ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, 200,000 ni ó kéré tán. Níbí ni irọ́ ti ń wọlé. Onímọ́tò á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọkọ̀ ilé ni, bẹ́ẹ̀ èrò ló ń fi gbé. Á ní wọn ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì kẹta ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á fún un ní pépà. Ó di ọjọ́ tí ọkọ̀ bá jóná kí wọ́n tó rán ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò wá. Ẹni yẹn á ka àga, á wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, á wá ní ọkọ̀ tó jóná kì í ṣe ọkọ̀ tó wà nínú ìwé. Òótọ́ inú ni ìpìlẹ̀ ìnṣọ́ránsì. Ẹni tó bá purọ́ nínú fọ́ọ̀mù ti fún iléeṣẹ́ ní ọ̀nà láti kọ̀.

Ti gáàsì ló tún le jù. Látìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, 2023, tí lítà bẹntiróòlù fò láti abẹ́ 200 kọjá 500 náírà, ọ̀pọ̀ onímọ́tò ló ń fẹ́ kí ọkọ̀ wọn máa lo gáàsì CNG. Èrò náà dáa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù ní ilé epo kan ní ìlú Bìní níbi tó ti ń gba gáàsì, àwọn èèyàn sì fara pa. Àwọn tó ń bójú tó ètò CNG fún ìjọba àpapọ̀ ní ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé sílíńdà inú ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún CNG, pé wọ́n jó o ni, wọ́n sì yí i padà. Agbára gáàsì yẹn nínú sílíńdà máa ń tó 200 bar. Ti gáàsì ìdáná ò sún mọ́ ọn rárá. Iṣẹ́ wẹ́dà ò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí, kó má retí pé iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa gbé ẹrù náà fún òun.

Kí wá ni onísìẹ́nà máa ṣe tí kò fi ní náwó kọjá agbára ẹ̀?

Àkọ́kọ́, kó ra ojúlówó third party lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe sínú ìwé: bí èrò ni, kó jẹ́ èrò. Kó yẹ̀ ẹ́ wò lórí NIID, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà ń tọ́jú. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n fi ń wá a. Bí ọkọ̀ ò bá sí níbẹ̀, kó yára padà lọ bá ẹni tó tà á fún un.

Èkejì, bó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kó lọ yí nọ́ńbà ẹ̀ padà nínú ìwé ọkọ̀, kó sì tọ́jú rìsíìtì. Kó ya fọ́tò gbogbo ohun tó yí padà. Kó kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́, kó gba èsì tí wọ́n bu ọwọ́ lù. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí èèyàn bá èjẹ́ńtì sọ ò ní ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Ẹ̀kẹta, bí ọkọ̀ bá ti gbó, kò pọn dandan kó jẹ́ comprehensive. Ọ̀kan wà láàárín tó ń jẹ́ third party, fire and theft: ó ń sanwó fún ẹlòmíràn, ó sì ń sanwó fún onímọ́tò bí ọkọ̀ bá jóná tàbí tí olè gbé e. Owó ẹ̀ kì í tó ti comprehensive.

Ẹ̀kẹrin, kó má dúró ti iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Alágbàtà ìnṣọ́ránsì tó níwèé àṣẹ lè bá a béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn dírẹ́bà gáréèjì kan náà sì lè para pọ̀ lọ bá iléeṣẹ́: ọkọ̀ 20 lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu níwájú wọn ju ọkọ̀ kan lọ.

Kó má sì gbàgbé pé láti 2013 ni NAICOM ti fòpin sí gbèsè nínú ìnṣọ́ránsì. Ẹni tí kò bá sanwó, kò ní ìnṣọ́ránsì.

Onísìẹ́nà gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó kanrí. "Àbúrò, ṣé 5,000 mi ti lọ nìyẹn?"

"Ó ti lọ, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ dúpẹ́ pé 5,000 ló lọ."