Ta Ní Ń Ṣọ́ Wa Lójú Ìrun?



Ó ti di àṣà láàárín wa pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ra fóònù tuntun, áàpù tí ń pe ìrun wà lára ohun àkọ́kọ́ tí yóò gbé sórí rẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó béèrè ohun tí áàpù náà ń gbà lọ́wọ́ wa? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn akọ̀ròyìn Motherboard ní Amẹ́ríkà tú àṣírí kan tí ó yẹ kí ó ti lé oorun kúrò lójú wa. Wọ́n fi hàn pé Muslim Pro, áàpù ìrun àti Àlùkùránì tí àwọn ènìyàn ti gbà sórí ẹ̀rọ wọn ní ìgbà tí ó lé ní mílíọ̀nù 98, ń fi ibi tí àwọn tí ń lò ó wà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan tí ń jẹ́ X-Mode. X-Mode sì ń ta irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà.

Ẹ fara balẹ̀ rò ó. Ọmọ Mùsùlùmí fẹ́ mọ ibi tí gábàsì wà, ó tẹ fóònù rẹ̀, ẹ̀rọ náà júwe Mẹ́kà fún un; nígbà kan náà, ó ń júwe òun fúnra rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí a má ṣe rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ: àwọn tó ni Muslim Pro sọ pé àwọn kò ta ohunkóhun tààrà fún ológun, wọ́n sì já okùn tó so wọ́n pọ̀ mọ́ X-Mode nínú oṣù náà gan-an. Ní oṣù kejìlá, Apple àti Google pàṣẹ fún àwọn oníáàpù pé kí wọ́n yọ kóòdù X-Mode kúrò nínú iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 kò tíì parí tí irú ìròyìn kan náà fi jáde nípa áàpù ìrun mìíràn, Salaat First, àti iléeṣẹ́ Predicio ti ilẹ̀ Faransé. Ó di ọdún 2024 kí FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣòwò, tó ka á léèwọ̀ fún X-Mode, tí ó ti pa orúkọ dà sí Outlogic, láti máa ta ìsọfúnni nípa àwọn ènìyàn tó lọ sí ilé ìjọsìn, ilé ìwòsàn àti irú ibi bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé, "Èmi kò jalè, n kò pànìyàn, ẹni tó bá fẹ́ kí ó máa wò mí." Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ronú dé ìdí ni. Nínú Sūratul-Hujurāt, ẹsẹ 12, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa ṣe amí ara wa. Nínú Sūratu-n-Nūr, ẹsẹ 27, Ó ní kí a gbàyè kí a tó wọ ilé onílé. Ṣé ilé ọ̀daràn nìkan ni Ó ní kí a gbàyè kí a tó wọ̀? Bí a bá to ibi tí ènìyàn ń sùn, mọ́sálásí tí ó ń lọ àti ẹni tí ó ń bẹ̀ wò pọ̀, a ti mọ̀ ọ́n, bí a kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí a bá sì mọ̀ báyìí ti fi ara rẹ̀ àti gbogbo ará sàfù rẹ̀ hàn. Amáànà ni, kì í ṣe ohun ìní ẹnìkan.

Kí ni áàpù ìrun tilẹ̀ nílò? Ipò oòrùn ni a fi ń mọ àsìkò. Ní ọdún 1371, Ibn al-Shātir ṣe agogo oòrùn kan fún mọ́sálásí ńlá àwọn Umayyad ní Dàmásíkù. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ rí ìlà, ó rí òjìji, ó sì lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ ìṣirò náà wò. Agogo náà kò bi ẹnikẹ́ni níbi tí ilé rẹ̀ wà. Ìyàtọ̀ àsìkò ìrun láàárín Èkó àti Ìlọrin kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Orúkọ ìlú nìkan tó, fóònù lè ṣe ìṣirò yòókù fúnra rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Áàpù tó bá ní òun gbọ́dọ̀ mọ yàrá tí o wà kí òun tó pe Àsùbáà fún ọ, ohun mìíràn ni ó ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sórí amí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Apple yọ Quran Majeed, áàpù Àlùkùránì tí ó ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan òǹlò ní Ṣáínà, kúrò ní ọjà rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, nítorí pé àwọn aláṣẹ ibẹ̀ béèrè fún un. Ọjà Apple nìkan ni ẹni tó ni iPhone níbẹ̀ lè gba áàpù. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo yẹn, níbo ni yóò gbà? Ní ọdún 2009 ẹ̀wẹ̀, Amazon ti ọ̀nà jíjìn pa ìwé méjì tí George Orwell kọ rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ Kindle àwọn tó ti sanwó wọn, nítorí pé ẹni tó tà wọ́n kò ní àṣẹ. Ó dá owó wọn padà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó wọlé rẹ lóru kó ìwé rẹ tó sì fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì kò di àlejò nítorí ìyẹn.

Ohun tí a ń fẹ́ ni áàpù tí a ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀. Wọ́n wà: láti ọdún 2010 ni F-Droid ti ń kó irú wọn jọ fún àwọn tí ń lo Android. Àwọn alátakò yóò ní, "Ta ló mọ kóòdù kà nínú wa?" Ta ló mọ isnād yẹ̀ wò nínú wa? Àwọn díẹ̀ ni. Síbẹ̀ a kì í gba hàdíìsì lọ́wọ́ ẹni tó fi isnād rẹ̀ pamọ́ tó ní kí a sá gba òun gbọ́.

Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ka ẹ̀sìn ènìyàn mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa tó bá ń gbèrò áàpù fún tafsīr Ràmàdáánì kò gbọdọ̀ béèrè ibi tí ènìyàn wà tàbí nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Kí ó sì gbé kóòdù rẹ̀ síta. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ wo ètò inú fóònù yín lónìí, kí ẹ rí àwọn tí ẹ fún láyè láti mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ gba àyè náà padà. Áàpù ìrun tí kò bá gbà láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é láti sọ ìdí rẹ̀.