Lẹ́tà Tí A Kò Kọ, Tó Ń Padà Sọ́dọ̀ Wa

Ẹ̀yin ará wa, ènìyàn lè jí láàárọ̀, kí ó ṣí ímeèlì rẹ̀, kí ó bá ogún tàbí ọgbọ̀n lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹ́ Mail Delivery Subsystem. Gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà: lẹ́tà tí o fi ránṣẹ́ kò dé. Bẹ́ẹ̀ kò kọ lẹ́tà kankan, kò sì mọ àwọn tí wọ́n ní ó kọ ọ́ sí. Ní Ìdànrè wa yìí, oníṣòwò kòkó, olùkọ́ ilé-kéwú àti ọmọ tó ń wá iṣẹ́ ló ń lo ímeèlì. Ìbẹ̀rù àkọ́kọ́ ni pé olè ti wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ nìkan ni wọ́n lò láìgba àṣẹ.

Òfin tí ímeèlì ń tẹ̀lé, èyí tí Jon Postel kọ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1982, kò ní kí ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ fi ẹ̀rí hàn pé òun ló ni orúkọ tó kọ. Ó dà bíi lẹ́tà ilé ìfìwéránṣẹ́: ẹnikẹ́ni ló lè kọ àdírẹ́sì Àlájì Lágbájá sẹ́yìn rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ẹni tí a kọ ọ́ sí, ọ̀dọ̀ Àlájì ni wọn yóò dá a padà sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníjìbìtì.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ kọ́kọ́ wo Sent, ibi tí àwọn lẹ́tà tí ẹ ti fi ránṣẹ́ máa ń wà. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ rí wọn níbẹ̀, ẹ yí páásíwọọ̀dù yín padà, kí ẹ sì tan ààbò onípele méjì, torí olè a máa pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́. Ẹ má fèsì sí lẹ́tà ìdápadà, ẹ má sì tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀. Àwọn kan ń ṣe ayédèrú rẹ̀ láti fi jí páásíwọọ̀dù. Ẹ tọ́jú mélòó kan bí ẹ̀rí, ẹ pa ìyókù rẹ́. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́, mọ́sálááṣí tàbí iléeṣẹ́ tó bá ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC. SPF ń sọ kọ̀ǹpútà tó láṣẹ láti fi lẹ́tà jáde lórúkọ yín. DKIM dà bí òǹtẹ̀ lára lẹ́tà. DMARC ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí lẹ́tà tí kò yege. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di dandan fún àwọn tó ń fi lẹ́tà rẹpẹtẹ ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára olè gidi. Ní ọdún 2018, wọ́n fi ojú-ìwé ayédèrú gba páásíwọọ̀dù ọ̀gá ètò ìnáwó Unatrac, iléeṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ Caterpillar. Inú àpótí ímeèlì rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣọṣẹ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là sì lọ. Obinwanne Okeke, ọmọ Nàìjíríà, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì ọdún 2021. Níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n jí. Nínú ti lẹ́tà ìdápadà, orúkọ ni wọ́n kàn kọ.

Ewu tó tóbi jù fún wa kì í ṣe àpótí tó kún. Ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọra ni Ìdànrè. Bí lẹ́tà jìbìtì bá jáde lórúkọ ọmọ ẹnìkan, kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọn yóò ti máa pè é ní ọmọ yahoo. Àwọn onímọ̀ hádíìsì kì í gba ọ̀rọ̀ nítorí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ nìkan. Wọ́n máa ń wo isnād, ìyẹn ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹni. Ímeèlì náà ní isnād tirẹ̀: àkọsílẹ̀ kan fara pamọ́ sórí lẹ́tà, tó ń sọ àwọn kọ̀ǹpútà tó gbà kọjá. Suratul-Hujurat, ẹsẹ 6, pàṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn kí á má baà ṣe ènìyàn níbi. Ẹsẹ 12 kọ àbá dídá fún wa. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ka fífi orúkọ ẹlòmíràn lu jìbìtì sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó jí orúkọ lò ló jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tó ni ín.

Nítorí náà, bí lẹ́tà bá dé lórúkọ ẹni tí ẹ mọ̀, tó ń béèrè owó, ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó wà nínú lẹ́tà. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ yín ni wọ́n lò, ẹ tètè sọ fún ẹbí, oníbàárà àti ìjọ. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ orúkọ wa lọ́wọ́ àbùkù. Àmín.