Wákàtí Kan Kò Tó fún Àwọn Àgbà Wa

Ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027 ni wọ́n dá fún pípa ètò fóònù ilé àtijọ́ pátápátá ní Ìlú Ọba. Òpin ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá kí wọ́n tó sún un síwájú. Láti ìgbà náà lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ìpè fóònù ilé yóò máa gbà, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n sì ti yí padà ná. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ohun tí kò kan àwa ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé fóònù ọwọ́ là ń lò láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ó kan àwọn ìyá àti bàbá wa tí wọ́n ti wá síbí láti bí ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń dá gbé.

Kí ló ń yí padà gan-an? Wáyà bàbà tó ń gbé fóònù àtijọ́ wọlé máa ń gbé iná díẹ̀ bọ̀ láti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, níbi tí bátìrì ńláńlá wà. Ìdí nìyẹn tí fóònù olókùn fi máa ń dún bí iná ilé tilẹ̀ lọ. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ráútà ni wọ́n ń so fóònù mọ́, iná ilé ni ráútà sì ń lò. Níbi tó bá jẹ́ wáyà fáíbà ni wọ́n fà wọlé, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe iná mànàmáná. Bí iná bá lọ, ráútà á kú, fóònù náà á sì kú. Bọ́tìnnì tí àwọn àgbà ń fi kọ́ ọrùn, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú, lè dákẹ́ pẹ̀lú wọn bó bá jẹ́ ìlà fóònù ilé ló ń gbà.

Ẹlòmíràn á béèrè pé, ṣé NEPA wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni? Lóòótọ́, iná ibí kì í ṣe ségesège bíi ti ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì Arwen jà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan ni iná lọ níbẹ̀. Nǹkan bí 4,000 nínú wọn lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìní iná. Scotland àti apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tó le jù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Yorùbá kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan mọ́. Wọ́n wà ní Aberdeen, wọ́n wà ní Newcastle.

Àjọ Ofcom, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, sọ pé bí ẹnì kan kò bá ní ọ̀nà mìíràn ju fóònù ilé lọ, iléeṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ohun tí yóò lè fi pe 999 fún wákàtí kan, ó kéré tán, bí iná bá lọ. Wákàtí kan! Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn rí mọ̀ pé wákàtí kan kò tíì tó ohun tí à ń pè ní iná lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, lẹ́yìn tí bọ́tìnnì àwọn kan kùnà nígbà tí wọ́n yí ìlà wọn padà, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò ṣiṣẹ́ lórí bátìrì tó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n àdéhùn kì í ṣe òfin.

Ìṣòro kejì ni pé ẹni tó bá sọ pé òun nílò rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó rí bátìrì gbà. Àgbà Yorùbá mélòó ló máa sọ fún àjèjì lórí fóònù pé òun ń dá gbé, pé ara òun kò le mọ́? Wọn kò tọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Èrò wa ni pé kí Ofcom sọ wákàtí kan yẹn di púpọ̀, kí iléeṣẹ́ sì mú bátìrì lọ sí ilé gbogbo ẹni tó ń lo bọ́tìnnì ìpè láìdúró kí ó béèrè.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, àwa ọmọ ni iṣẹ́ já lé léjìká. Àwọn ará ilé ti mọ ojútùú rẹ̀ tipẹ́: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní Èkó máa ń fi bátìrì kékeré sí ìdí ráútà kí ó má bàa kú bí iná bá lọ. Ráútà kì í jẹ iná púpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń lo nǹkan bíi 10 wáàtì. Páwà báńkì 20,000 mAh lè gbé irú rẹ̀ fún bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, bó bá lè mú iye fóòtì tí ráútà ń lò jáde. Ẹ wo ara ṣájà ráútà: bí wọ́n bá kọ 12V síbẹ̀, bátìrì tó ń mú 12V jáde ni kí ẹ rà, nítorí èyí tí kò bá a mu lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Bí ilé bá ń lo fáíbà, àpótí kékeré tó wà lára ògiri náà nílò bátìrì. Fóònù olókùn sì ni kí ẹ so mọ́ ráútà, torí pé fóònù tí kò lókùn tún ń fẹ́ iná tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ráútà kúrò lára iná ilé, kí ẹ fi fóònù ilé pe fóònù ọwọ́ yín wò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni bọ́tìnnì bóyá yóò ṣiṣẹ́ lórí ìlà tuntun. Ẹ bá àwọn àgbà forúkọ sílẹ̀ sí Priority Services Register lọ́dọ̀ àwọn tó ń pín iná, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ 105 sí ẹ̀gbẹ́ fóònù wọn, òun ni nọ́ńbà tí à ń pè bí iná bá lọ ní England, Scotland àti Wales.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ pe ìyá yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ìwé kankan ti dé láti iléeṣẹ́ fóònù wọn.