Kí A Tó Dé Maldives, Ẹ Jẹ́ Kí A Dé Àpòmù

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣètò ìrìn-àjò lọ sí Maldives, àwọn erékùṣù 1,192 tí ó fọ́n káàkiri Òkun Íńdíà. Wọ́n ti ṣírò owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti ilé ìtura tán. Ohun tí ó dùn mí ni pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó béèrè ohun tí ó pa àwa àti ibẹ̀ pọ̀.

Owó ẹyọ ni. Inú omi Maldives ni wọ́n ti kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí àwọn baba ńlá wa ná, kí ti Sansíbà tó gba ọjà ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ibn Battuta ṣe adájọ́ níbẹ̀ ní 1343 sí 1344. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Mali ní 1352, owó kan náà ni ó bá lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Họ́lándì àti Gẹ̀ẹ́sì ń kó o gba Amsterdam àti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Ouidah, tí wọ́n sì ń fi í ra ènìyàn.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, kí wọ́n yà ní Ìkirè (kí wọ́n ra dòdò níbẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n), kí wọ́n dé Àpòmù. Samuel Johnson kọ ọ́ pé ọjà yìí ni wọ́n ti ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé tà, pé níbẹ̀ náà sì ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ataare láàárín Òwu àti Ìjẹ̀bú. Láàárín àwọn ọdún 1820 ni Òwu tú. Kí wọ́n dé Orílẹ̀-Òwu pẹ̀lú, kí wọ́n rí ohun tí à ń pè ní orílẹ̀.

Àwọn kan ní ìsinmi kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìtàn. N kò gbà. Ẹni tí ó bá ń ka 20,000 ní ọ̀kẹ́ kan, àpò owó ẹyọ ni ó ń dárúkọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Èdè Dhivehi tiwọn náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà, atoll. Ní tèmi, kí àwa náà yá a, kí a pè é ní àtólù. Bí a bá ní "erékùṣù iyùn", ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba ni ọkàn ènìyàn yóò lọ sí.

Ẹni tí ó bá bá owó ẹyọ nínú àpótí ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó mú díẹ̀ dání. Èyí tí ó tóbi, tí ó ní òrùka bíi wúrà lẹ́yìn, ti Sansíbà ni. Kékeré tí ó rí gbágungbàgun ni kí ó fi wé ti etí omi ọ̀hún.