Ẹ Jẹ́ Kó Sọ Èyí Tó Wù Ú

Nọ́ọ̀sì yín ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ṣèlérí láti sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Ọmọ Ìpótì ni Yinka Ayefele, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò níbí. Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni ìjàm̀bá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, láti ìgbà náà ló sì ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Ó fi ìrora rẹ̀ kọrin, gbogbo wa rà á, a sunkún. Láti ìgbà náà, ó ti dá rédíò Fresh FM sílẹ̀ n'Íbàdàn, ó ti gba ọmọ ọlọ́mọ síṣẹ́, ó ti di bàbá ìbẹta. Síbẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀ láàrin wa, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ni "Ṣé kò tíì rìn ni?" Nígbà tí wọ́n bí àwọn ìbẹta náà ní 2019, àwọn kan ń bi mí pé báwo ló ṣe ṣe é. Ẹ dákun, bàbá ìbejì wo la tún ń bi ní irú ìbéèrè yẹn? (Kí n fi ti iṣẹ́ mi kún un: ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn kò ní kí ènìyàn má bímọ mọ́. Ìrànlọ́wọ́ oníṣègùn wà.)

Ìtàn méjì péré la máa ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni àkàndá. Ọ̀kan ni ti ẹkún, kí àánú lè ṣe wá. Èkejì ni ti ìyanu, kí a lè pàtẹ́wọ́. Bó bá wá sọ pé àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ga jù fún òun, a ní kò moore.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Australia, nígbà tí Stella Young, tó ń lo kẹ̀kẹ́, wà lọ́mọ ọdún 15, ará àdúgbò kan fẹ́ kí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Àwọn òbí rẹ̀ ní ó dára, ṣùgbọ́n kí ló ṣe? Iléèwé ló ń lọ, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù irun, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Èmi náà jẹ̀bi. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, aboyún kan tí rọ́párọsẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Kí n tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo ní kó dìde síwájú àwọn aboyún yòókù, kó jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Àwọn kan bi í bóyá ayé ló ṣe é. (Kì í ṣe ayé o. Kòkòrò tó ń gba ẹnu wọlé ni.) Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò wá lẹ́ẹ̀mejì tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tó padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Òru la gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Tìyá tọmọ yè é. Lẹ́yìn náà ló wí fún mi pé: "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ ni mo wá wọ̀n. Sinimá lẹ fi mí ṣe."

Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní ẹ̀rí dára. Ó dára, bó bá wu ẹni tó ni í. Ayefele ló kọ tirẹ̀ lórin fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fà á dìde níbi tó ti wá gba oògùn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti oṣù Kìíní 2019 pàápàá ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹni àkàndá tọrọ bárà. Ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí ẹ ti ń ṣèpàdé.

Bí irú arábìnrin bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ́ yín, ẹ má bèèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti san àjọ, bóyá àga tó jókòó lé rọrùn fún un, àti ohun tó rò nípa ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má gbàgbé káàdì yín sílé.